Ilé Ni Yóò Jẹ́rìí

Kí fáànù tó yí rárá, eérú ni ẹni tó mọṣẹ́ kọ́kọ́ ń wá. Ó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ibi ìdáná tó wà nínú pálọ̀, níbi tí onílé ti ń sun igi nígbà òtútù, yóò tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, yóò wò ó bóyá eérú àná ṣì wà níbẹ̀. Bó bá wà, yóò kó o dànù, tàbí kó fi ìwé ìròyìn tó ti rẹ sínú omi bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ìgbésẹ̀ kékeré yìí, tó sì tan fáànù, yóò rí bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe já wọlé láti ọ̀nà èéfín, tí yóò gbé eérú náà jáde sórí kápẹ́ẹ̀tì onílé àti aṣọ àga rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdánwò tí wọ́n fi ń gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí, ẹni tó ń dán an wò kì í rán an létí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló máa ń dúró sí, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí yóò máa wo ohun tí yóò ṣe.

Iṣẹ́ tí mò ń sọ ni ti àwọn tó ń tún ilé ṣe ní Amẹ́ríkà kí iná àti gáàsì tí ilé ń jẹ lè dínkù: àwọn tó ń yẹ ilé wò láti mọ ibi tí ooru ń gbà sá, àwọn tó ń dí ihò, àwọn tó ń fẹ́ ohun ìdènà òtútù sínú ògiri àti àjà, àti àwọn tó ń padà wá yẹ iṣẹ́ náà wò. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí nítorí pé ó ṣòro púpọ̀ láti fi ojú lásán mọ ẹni tó ṣe é dáadáa yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ṣe é. Bí káfíńtà bá ṣe ilẹ̀kùn tí kò tì, gbogbo ayé ni yóò rí i. Bí púlọ́ńbà bá so páìpù tó ń jò, omi yóò tú u fó. Ṣùgbọ́n ògiri tó kún dáadáa àti èyí tó kún dé ìdajì jọra lójú. Ọ̀dà kan náà ló wà lára wọn, onílé sì lè gbé inú rẹ̀ fún ogún ọdún kó máa san owó gáàsì tí kò yẹ kó san. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí, níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọ dáadáa, fi dá lórí ohun kan: kí oníṣẹ́ mọ bí a ṣe ń bi ilé léèrè, kó sì gba ohun tí ilé bá sọ, pàápàá nígbà tí ilé bá sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dára tó.

Eérú nìkan kọ́ ni wọ́n ń wá. Kí wọ́n tó gbé fáànù jáde nínú ọkọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gun àkàbà dé inú àjà kí wọ́n lè mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun kan tó rí wóróhówóró, tó ń dán, tó sì fúyẹ́ ni wọ́n bá láàárín àwọn igi àjà, vermiculite nìyẹn, tí wọ́n ń dà sí òkè ilé láyé àtijọ́. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ibi ìwakùsà kan ní Libby, ní ìpínlẹ̀ Montana, tí wọ́n tì pa ní ọdún 1990. Asbestos ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti inú ilẹ̀. Ẹni tó bá fi fáànù fa afẹ́fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lè fa eruku tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú yàrá tí ọmọdé ń sùn sí. Bí àjà bá mọ́, wọn óò ti fèrèsé àti ilẹ̀kùn ìta, wọn óò ṣí gbogbo ilẹ̀kùn inú ilé kí afẹ́fẹ́ lè rìn, wọn óò pa ẹ̀rọ amúlégbóná, wọn óò sì yí táńkì omi gbígbóná sísàlẹ̀ kí iná rẹ̀ má bàa gbà nígbà tí fáànù ń fa afẹ́fẹ́. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn àgbà iṣẹ́ yìí máa ń kọ́ àwọn ọmọ: bó o bá ti yí táńkì omi sísàlẹ̀, gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ lé e lórí. O kò ní lè wakọ̀ lọ sílé láìpadà síbẹ̀, onílé kò sì ní jí láàárọ̀ kó bá omi tútù.

Lẹ́yìn èyí ló kan ẹnu ọ̀nà. Férémù kan wà tó ṣeé fà gùn, tó ṣeé fà fẹ̀, tí wọ́n máa ń há mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ìta. Aṣọ ọ̀rá tó nípọn ló bo férémù náà, fáànù ńlá sì wọ inú ihò tó wà nísàlẹ̀ aṣọ. Blower door ni gbogbo wọn ń pè é. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde láti inú mítà lọ síta, ẹni tó mọṣẹ́ kì í sì fi ẹnu rọ́bà yìí sí ibi tí fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, torí bó bá fi í síbẹ̀, irọ́ ni mítà yóò máa pa fún un. Yóò kọ́kọ́ ka ohun tí mítà sọ nígbà tí ẹnu fáànù ṣì wà ní dídé, nítorí pé atẹ́gùn ìta àti òtútù fúnra wọn ti ń ti ilé kó tó dé. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yí fáànù sókè díẹ̀díẹ̀, tí ìyàtọ̀ láàárín inú ilé àti ìta yóò fi dé 50 pascal. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìjì tó ń sáré máìlì 20 ní wákàtí kan tó ń lu gbogbo ara ilé lẹ́ẹ̀kan náà.

Mítà yóò wá sọ nọ́ńbà kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé náà fẹ̀ tó 1,500 sìkúéà fíìtì, tí àjà rẹ̀ sì ga ní fíìtì 8. Kúbíìkì fíìtì 12,000 ni afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Bí fáànù bá ní láti máa fa kúbíìkì fíìtì 4,000 jáde ní ìṣẹ́jú kan kí 50 yẹn tó dúró, afẹ́fẹ́ ilé ọ̀hún ń pààrọ̀ pátápátá ní ìgbà 20 ní wákàtí kan. Òfin ìkọ́lé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2012 ní kí ilé tuntun ní àwọn agbègbè olótùútù má kọjá ìgbà 3, ìyẹn 600 fún ilé tó tóbi báyìí. Ilé àtijọ́ kò lè dé bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó dé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn ti wọ ìwé, kò sì sí ẹni tó lè yí i padà mọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe sí ilé náà láti òní lọ, òun ni wọn óò fi wọ̀n ọ́n.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù. Bí fáànù ṣe ń hó lẹ́nu ọ̀nà, ẹni náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri ilé, yóò na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ síwájú, torí ẹ̀yìn ọwọ́ tètè ń mọ òtútù ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn mìíràn ń mú ohun kékeré kan tó ń rú èéfín dání, wọ́n ń wo ibi tí èéfín náà yóò kọrí sí. Gbogbo ènìyàn ló máa ń kọ́kọ́ lọ sídìí fèrèsé. Fèrèsé a máa jò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa yóò kọjá níbẹ̀ lọ síbi sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tó wà lára ògiri àárín ilé, ògiri tí kò kan ìta níbì kankan, yóò sì bá atẹ́gùn tútù tó ń fẹ́ jáde lójú ihò rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ kíkọ́ni máa ń dákẹ́. Kì í sọ ìdí rẹ̀. Á jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ dúró síwájú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà kó máa rò ó: báwo ni òtútù ṣe dé àárín ilé láìgba ara ògiri ìta? Òkè ni ìdáhùn wà. Orí ògiri náà ṣí sílẹ̀ sínú àjà, ihò tí wáyà iná gbà kọjá kò ní ìdérí, ilẹ̀kùn kékeré tí wọ́n ń gbà gun àjà kò sì dí. Ẹni tó bá fi ara rẹ̀ rí i báyìí kò tún ní wo ilé bó ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀. Yóò mọ̀ pé ibi tí òtútù ti ń kan ènìyàn lára lè jìnnà gan-an sí ibi tí òtútù gbà wọlé.

Ọgbọ́n yìí kò tíì pẹ́ láyé. Nígbà tí epo rọ̀bì gbówó lórí ní ọdún 1973, tí owó tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná sì ga ju agbára àwọn tálákà lọ, àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ran ara wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 1976 ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ètò tó dúró, wọ́n pè é ní Weatherization Assistance Program, láti máa tún ilé àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti dé ilé tó ju mílíọ̀nù 7 lọ láti ìgbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rá ni wọ́n ń kàn mọ́ fèrèsé, wọ́n ń dí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, àwọn tó sì ń ṣe é jẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni àti àwọn tí ìjọba ń fún níṣẹ́ nítorí àìríṣẹ́ṣe. Wọ́n ṣe é tọkàntọkàn, òtútù sì ń wọlé síbẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Princeton wà lára àwọn tó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní Twin Rivers, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, àwọn ilé kan wà tí wọ́n jọ pín ògiri. Ìṣirò sọ iye ooru tó yẹ kó máa gba àjà wọn sá. Gautam Dutt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ohun tí wọ́n sì bá ju ti ìṣirò lọ fíìfíì. Dípò kí wọ́n tún ìṣirò ṣe lórí tábìlì, wọ́n gun àjà. Wọ́n rí i pé àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà èéfín, àyè wà níbi tí páìpù ti gòkè láti ilé ìwẹ̀, àyè wà lórí ògiri tó pín ilé kan sí èkejì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba gbogbo ibẹ̀ gòkè lọ, ó ń gba àárín ohun ìdènà òtútù tí wọ́n tẹ́ sórí àjà kọjá bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn ará Sweden ti ń fi fáànù há ojú fèrèsé láti wọn jíjò ilé ní nǹkan bí ọdún 1977. Åke Blomsterberg mú ọgbọ́n náà wá sí Amẹ́ríkà ní 1979. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń tún ilé ṣe kò ní láti máa méfò mọ́.

Iṣẹ́ inú àjà yìí ni mo gbà pé ó dán ìwà oníṣẹ́ wò jù. Ẹ rò ó wò: òrùn oṣù kẹjọ ń ràn sórí páànù, ènìyàn da ikùn délẹ̀ sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ìbomú wà lójú rẹ̀, iná kékeré wà níwájú orí rẹ̀, bó bá sì gbé orúnkún sí ibi tí kò yẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò já sínú yàrá onílé. Ó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ wa ohun ìdènà àtijọ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó wá ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀, kó dí i, kó tó dá a padà. Bó bá kàn da tuntun lé ti àtijọ́ lórí, àjà náà yóò nípọn, yóò lẹ́wà nínú fọ́tò, ihò yóò sì wà níbẹ̀ títí láé lábẹ́ ẹwà náà. Bákan náà, ihò kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó bá a mu. Fóòmù dára fún ẹ̀gbẹ́ wáyà àti páìpù omi. Fóòmù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọ̀nà èéfín, torí iná. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gé yí i ká, wọn óò wá fi gọ́ọ̀mù tí kì í yọ́ nínú iná lẹ̀ ẹ́ pa. Bí wáyà àtijọ́ bá wà, irú èyí tí wọ́n ń gbé gba orí èso amọ̀ funfun nínú ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, wọn kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ títí oníṣẹ́ iná yóò fi wò ó. Kò sí ẹni tó ń wo oníṣẹ́ yìí lókè. Kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́ láti fo ihò mẹ́ta tó jìnnà jù, àfi ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ àti nọ́ńbà tó ń dúró dè é nísàlẹ̀.

Ògiri tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Cellulose ni wọ́n ń lò níbẹ̀ jù, ìwé ìròyìn tí wọ́n ti lọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì fi oògùn borate sí kó má bàa tètè gbiná. Ẹ̀rọ kan ń fẹ́ ẹ gba inú họ́ọ̀sì. Oníṣẹ́ yóò yọ pákó ara ògiri ìta, yóò lu ihò, yóò ti rọ́bà gígùn wọ inú ògiri lọ sókè, yóò sì máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kún. Ẹni tó ń ta gàrí mọ̀ pé àpò tó kún lójú ṣì lè gbà sí i bí a bá gbọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni cellulose tí wọ́n fẹ́ sínú ògiri láìkì í dáadáa yóò rọra wálẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, yóò fi àyè sílẹ̀ lókè, òtútù yóò sì jókòó síbẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń kì í ni pọ́n-ùn 3.5 nínú kúbíìkì fíìtì kan. Kò sí òṣùwọ̀n nínú ògiri. Etí ni oníṣẹ́ fi ń mọ̀ ọ́n: ohùn ẹ̀rọ yóò yí padà, họ́ọ̀sì yóò le lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó ń sáré nínú rẹ̀ yóò dúró. Ìgbà yẹn ló tó fà á sẹ́yìn díẹ̀, tí yóò sì tún dúró de ohùn yẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ni ní etí? Ní àwọn ibi ìkọ́ṣẹ́ tó dára, wọ́n kọ́ ògiri kan tí iwájú rẹ̀ jẹ́ ike tó mọ́ gaara. Ọmọ iṣẹ́ yóò máa fẹ́ cellulose sínú rẹ̀, yóò sì máa rí i bó ṣe ń kún, ibi tó ti fo igun kan, ibi tó ti fa rọ́bà yára jù. Ojú yóò kọ́ etí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn óò mú un lọ síbi ògiri gidi tí ojú kò lè rí inú rẹ̀. Pennsylvania College of Technology ní Williamsport wà lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí tipẹ́. Mo ka ògiri oníke yìí sí ọ̀kan nínú àwọn ohun èlò ìkọ́ni tó dára jù tí ẹnikẹ́ni ti ronú kàn nínú iṣẹ́ ọwọ́, nítorí pé ó fi àṣìṣe han ẹni tó ṣe é lójú ẹsẹ̀, láìsí èébú, láìsí ariwo.

Òǹkà sì tún wà lẹ́yìn etí. Àyè kan nínú ògiri, láti igi dé igi, jinlẹ̀ ní ínṣì 3.5, ó fẹ̀ ní ínṣì 14.5, ó ga ní fíìtì 8. Bí wọ́n bá kì í dé ìwọ̀n tó yẹ, yóò gba nǹkan bíi pọ́n-ùn 10. Nítorí náà, àpò kan tó wúwo ní pọ́n-ùn 25 kò gbọdọ̀ kún ju àyè méjì ààbọ̀ lọ. Olùyẹ̀wò tó bá ka àpò òfìfo tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, tó sì ka àyè ògiri, ti mọ bóyá wọ́n kì í tàbí wọ́n kàn fọ́n ọn síbẹ̀, láìtíì gbé kámẹ́rà tó ń rí ooru sójú.

Bí ilé bá ti dí tán, ewu mìíràn lè wọlé, ìyẹn ló sì mú kí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yìí ju ohun tí à ń gbé kọ́ ògiri lọ. Táńkì omi tó ń lo gáàsì nílò afẹ́fẹ́ láti lé èéfín rẹ̀ gòkè. Nígbà tí ilé ń jò bí agbọ̀n, afẹ́fẹ́ pọ̀. Nísinsìnyí tí wọ́n ti dí i, bí ẹnìkan bá tan fáànù ilé ìdáná, tí ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ sì ń ṣiṣẹ́, ilé lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa èéfín padà wálẹ̀ láti inú páìpù rẹ̀. Carbon monoxide kò lóòórùn, kò láwọ̀. Àwa tí a ti Nàìjíríà wá kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún wa pẹ́. A ti gbọ́ ìròyìn àwọn ìdílé tí wọ́n sùn tí wọn kò jí, torí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Nítorí náà, wọ́n ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ̀dá ọjọ́ tó burú jù tí ilé náà lè rí. Yóò ti gbogbo ilẹ̀kùn ìta, yóò tan gbogbo fáànù tó ń tú afẹ́fẹ́ síta, yóò tan ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, yóò máa ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan, yóò ti òmíràn, yóò máa wo mítà títí yóò fi mọ èyí tó mú kí ilé fa afẹ́fẹ́ jù. Inú ipò yẹn gan-an ni yóò ti wá tan iná táńkì omi, yóò gbé èéfín tàbí dígí kékeré sí ẹnu páìpù rẹ̀, yóò wò ó bóyá èéfín ń gòkè tàbí ó ń dà sínú ilé. Yóò ti irin ìwọ̀n wọ inú páìpù láti ka carbon monoxide. Òmíràn wà lára aṣọ rẹ̀ tó ń ka ti inú yàrá láti ìgbà tó ti wọlé. Bó bá dé 70 nínú mílíọ̀nù kan, ìlànà Building Performance Institute, ẹgbẹ́ tó ń fún àwọn oníṣẹ́ yìí ní ìwé ẹ̀rí, ní kó dá iṣẹ́ dúró, kó sì kó gbogbo ènìyàn jáde. Lọ́jọ́ ìdánwò, ẹni tó bá fo apá yìí kò lè fi ẹwà iṣẹ́ rẹ̀ níbòmíràn dí i. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń dí ilé àwọn ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé bí wọn óò ṣe máa mí nínú rẹ̀. Ìlànà afẹ́fẹ́ inú ilé tí wọ́n ń pè ní ASHRAE 62.2 fún un ní ìṣirò rẹ̀: ilé 1,500 sìkúéà fíìtì tó ní yàrá ìbùsùn mẹ́ta nílò kúbíìkì fíìtì 75 ti afẹ́fẹ́ tuntun ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bí ilé kò bá fúnra rẹ̀ mú un wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi fáànù kan síbẹ̀ tí yóò máa ṣe é.

Ọdún 1993 ni wọ́n dá Building Performance Institute sílẹ̀, àwọn ló sì ń fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ yìí ní ìwé ẹ̀rí. Ohun tó wá mú kí ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí le koko ni owó. Ní ọdún 2009, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, ìjọba da bílíọ̀nù dọ́là 5 sínú ètò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ. Ọ̀gá àgbà tó ń yẹ iṣẹ́ wò ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí agbára iná kọ̀wé lórí àwọn ilé tí iṣẹ́ wọn kò dára, Illinois sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti rí i. Ìgbà náà ni iléeṣẹ́ ìjọba náà àti National Renewable Energy Laboratory pe àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà jókòó, wọ́n ní kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ: kí ni ẹni tó wà nípò yìí ń ṣe láti àárọ̀ dé alẹ́, kí ló gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè ṣe é? Láti inú ìdáhùn wọn ni ìwé ẹ̀rí mẹ́rin ti jáde: ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ti olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti ẹni tó ń yẹ ilé wò ní ìbẹ̀rẹ̀, àti ti olùyẹ̀wò ìkẹyìn. Àwọn oníṣẹ́ ló kọ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn oníṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé ẹ̀rí náà nítorí ìyẹn.

Nílẹ̀ wa, a mọ bí iṣẹ́ ṣe ń gba ẹ̀rí. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tàbí ti mẹkáníìkì yóò sin ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, lọ́jọ́ fírídọ́ọ̀mù ọ̀gá yóò gbàdúrà lé e lórí níwájú ẹbí àti ẹgbẹ́, yóò sì fún un ní ìwé rẹ̀. Àwọn mìíràn á tún lọ ṣe Trade Test lọ́dọ̀ ìjọba. Ọ̀gá ló ń jẹ́rìí ọmọ, ẹ̀rí rẹ̀ sì jinlẹ̀, torí ó ti rí i nínú ìbínú, nínú ebi, nínú iṣẹ́ alẹ́. Ẹni tó ń dán oníṣẹ́ wò ní Amẹ́ríkà kò rí irú ìyẹn rárá. Wákàtí díẹ̀ péré ló fi wà pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ nínú ilé, wákàtí díẹ̀ kò sì lè sọ irú ẹni tí ènìyàn yóò jẹ́ nínú àjà tó gbóná lóṣù kẹjọ nígbà tí ebi ń pa á. Kí wọ́n tún ìwé náà gbà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta mẹ́ta kò tó láti dí àlàfo yẹn.

Ohun tí Britain rí láìpẹ́ yìí jẹ́ kí èyí dá mi lójú, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwọn ènìyàn wa tó wà nínú àwọn ilé àtijọ́ ní London àti Manchester. Ìlànà wà níbẹ̀: PAS 2030 fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́, PAS 2035 fún bí wọn óò ṣe gbé odindi ilé yẹ̀ wò. Ìwé ẹ̀rí wà. Síbẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, National Audit Office, àwọn tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, sọ pé lábẹ́ ètò méjì tí ìjọba gbé kalẹ̀, ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ilé tí wọ́n fi ohun ìdènà òtútù bo ògiri wọn lóde ní àbùkù ńlá tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ilé tó ju 22,000 lọ. Ọ̀rinrin àti èébu ni àwọn kan bá nínú yàrá wọn dípò ooru. Lára ohun tí wọ́n kà sílẹ̀ pé ó fà á ni gbígbé iṣẹ́ fún ẹni tí kò ní ìmọ̀ tó, àti àìsí ojú tó ń wo iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo kà á, nítorí àwọn tó gbà kí wọ́n wá tún ilé wọn ṣe ti ṣe ohun tí ìjọba ní kí wọ́n ṣe. Ó yẹ kí ẹnìkan ti padà wá wo ògiri wọn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti dára jù ní ètò Amẹ́ríkà, ìpadàbọ̀ yẹn ni òfin dì mú. Láti nǹkan bí ọdún 2015, olùyẹ̀wò ìkẹyìn tó ní ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wọ gbogbo ilé tí wọ́n fi owó ètò náà ṣe, kì í ṣe ilé kan nínú mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó yẹ ilé wò ní ìbẹ̀rẹ̀ náà ló tún yẹ ẹ́ wò ní ìparí, ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ tún lọ fi ojú ara rẹ̀ wo ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀, dípò 5. Olùyẹ̀wò náà yóò dé pẹ̀lú férémù àti fáànù tirẹ̀. Yóò wá eérú. Yóò gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé táńkì omi. Yóò ka nọ́ńbà tuntun, yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, bí ìyàtọ̀ wọn kò bá sì tó ohun tí ìwé iṣẹ́ sọ, yóò gun àjà lọ, yóò fi ọwọ́ wa cellulose tó mọ́ tóní yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí yóò fi rí ihò tí wọ́n fò. Àwọn òṣìṣẹ́ yóò padà wá. Iye yòówù kí wọ́n ti ná, ilé yẹn kò tíì sí nínú àwọn ilé tí ìpínlẹ̀ lè sọ fún ìjọba àpapọ̀ pé àwọn ti parí. Títí wọn yóò fi dí ihò náà, tí fáànù yóò sì tún yí, tí olùyẹ̀wò yóò fi fọwọ́ sí i, ilé tí kò tíì parí ni.